Mo fẹ́ mú Màmá rìn létí odò Patapsco: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Ẹ̀gbá (Laurel, Maryland)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá mi dé láti Abẹ́òkúta ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa lò lọ́dọ̀ wa. A ti mú wọn lọ ṣọ́ọ̀bù, a ti mú wọn lọ ṣọ́ọ̀ṣì, inú ilé ni wọ́n ń wà ní ìyókù ọjọ́. Ó ti sú wọn. Lánàá ni wọ́n bi mí pé, "Ṣé ìlú yín yìí ò lódò ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí pé ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà kò jìnnà sí Odò Ògùn, àràárọ̀ ni Màmá sì máa ń rìn lọ sápá ibẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Aládùúgbò wa kan sọ fún mi nípa Patapsco Valley State Park. Nígbà tí mo wo máàpù rẹ̀, ó rú mi lójú: ẹnu ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ pọ̀ bí ẹnu ọ̀nà ọjà. Màmá ti pé ẹni ọdún 71, orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n lè rìn dáadáa bí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Ọmọ méjì ni mo ní, ọ̀kan jẹ́ ọdún 9, èkejì jẹ́ ọdún 5. Ẹnu ọ̀nà wo ni kí a gbà? Ṣé a lè gbé oúnjẹ dání? Ṣé ejò wà níbẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ lè wọ inú omi? Ọkọ mi kò fẹ́ràn igbó rárá, ẹ bá mi wá ohun tí mo lè sọ fún un. Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ.

Arìnrìn Catonsville

Àdùkẹ́, a kú ewu àtidé Màmá o. Inú páàkì yẹn ni mo ti ń rìn láti bí ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí, kí máàpù yẹn má bàa dẹ́rù bà yín.

Kì í ṣe ọgbà kan tó wà lójú kan náà. Odò Patapsco ni páàkì náà ń tẹ̀ lé, nǹkan bíi máìlì 32, igbó rẹ̀ sì lé ní éékà 16,000. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ọ̀nà fi pọ̀. Ọ̀nà tí ẹ bá gbà wọlé ló máa sọ irú ìrìn tí ẹ máa rìn, bẹ́ẹ̀ ẹ kò lè gba ẹnu ọ̀nà Avalon wọlé kí ẹ wakọ̀ jáde sí ti McKeldin. Láti ọdún 1907 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú igbó náà, kí àwọn igi tó wà létí odò má bàa tán, kí erùpẹ̀ má sì máa ya wọnú omi.

Fún Màmá, Avalon ni kí ẹ lọ. Láti Laurel, kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 25 lọ bí ọ̀nà bá dá. Ẹ gba US 1 dé South Street ní Halethorpe, ẹ ó rí àmì páàkì. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ má dúró ní ibi ìgbọ́kọ̀sí àkọ́kọ́. Ẹ rọra wa ọkọ̀ lọ sókè odò títí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n ń pè ní Orange Grove. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí afárá tí wọ́n fi okùn irin so rọ̀ sórí odò, tó máa ń mì díẹ̀ bí ènìyàn bá ń rìn lórí rẹ̀. Inú àwọn ọmọ á dùn sí i. Kí Màmá di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, kó sì má ṣe bá àwọn ọmọ gùn ún pọ̀, torí àwọn ọmọ máa ń fò sókè lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá ti sọdá, ẹ ti dé Grist Mill Trail nìyẹn. Wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà yìí bíi títì kékeré, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kẹ̀kẹ́ ọmọ ń gba ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn náà ń gba ibẹ̀. Odò wà lápá kan, ojú irin rélùwéè wà lápá kejì, igi sì bo ọ̀nà náà lórí bíi àtíbàbà. Ìgbàkigbà tó bá rẹ Màmá, kí wọ́n yí padà. Bí wọ́n ṣe lọ náà ni wọ́n ṣe máa bọ̀, kò sí òkè kankan tí wọ́n máa gùn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ibẹ̀ fún àgbàlagbà nìyẹn: kò sẹ́ni tó ń fipá mú wọn dé òpin.

Ìyá Ìbejì (Columbia)

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ní Sátidé. Oṣù kẹfà la wà yìí. Bí ọkọ̀ bá ti kún inú páàkì, àwọn aṣọ́gbà á ti géètì pa, ọkọ̀ mìíràn kò ní wọlé mọ́ àfi bí àwọn kan bá jáde. Lọ́dún tó kọjá, a dé ibẹ̀ ní aago 11 pẹ̀lú oúnjẹ ènìyàn 14, wọ́n ní ká padà. Inú ọkọ̀ la ti jẹ ìrẹsì wa, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà kan. Bó bá jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni àyè wà, kí ẹ ti wà ní géètì ní aago 9 tí wọ́n ń ṣí i. Bí ẹ bá lè gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, ẹ ó rò pé ẹ̀yin lẹ ni odò náà.

Ní ti oúnjẹ, ẹ gbé e dání. Tábìlì wà, ibi ìdáná èédú wà. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí ni agbọ̀n ìdalẹ̀nù. Gbogbo páàkì ìpínlẹ̀ Maryland ló rí bẹ́ẹ̀: pàǹtí tí ẹ bá gbé wọlé, ẹ̀yin náà lẹ ó gbé e jáde. Nítorí náà, ẹ mú àpò dúdú ńlá méjì dání. Ewé mọ́ínmọ́ín, egungun ẹran, abọ́ pépà, gbogbo rẹ̀ ló ń padà sílé. Ẹ má sọ egungun sínú igbó pé ẹranko á jẹ ẹ́. Àgbègbè yẹn á máa rùn, àwọn ẹranko á sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni oúnjẹ wà.

Ọtí kò gbọdọ̀ wọlé, ti inú agolo pàápàá. Owó ìwọlé kò pọ̀, ẹni tó ń gbé Maryland kì í san tó ẹni tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá. Ẹ wo iye tó jẹ́ lórí ìkànnì ìjọba kí ẹ tó kúrò nílé, torí pé ti àárín ọ̀sẹ̀ yàtọ̀ sí ti òpin ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí (Sykesville)

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, àmọ́ ṣé a máa sọ̀rọ̀ Patapsco ká má dárúkọ McKeldin? Ibẹ̀ ni ẹ̀ka odò méjèèjì, ti àríwá àti ti gúúsù, ti pàdé di odò kan ṣoṣo. Ẹ ó dúró lórí àpáta, ẹ ó máa wo omi méjì bí wọ́n ṣe ń wọ inú ara wọn. Ibì kan tún wà tí odò ti ń gba àárín òkúta ńláńlá kọjá pẹ̀lú ariwo, tó sì dà sínú ibú kan tó fẹ̀. Òkè ni wọ́n bí mi sí, ibi tí ilẹ̀ bá ti ga tó sì lọ sílẹ̀ ni ara mi ti ń balẹ̀. Kò tún kún bí Avalon. Marriottsville Road lẹ máa gbà.

Arìnrìn Catonsville

Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, ibi tí ẹ sọ dára lóòótọ́, èmi náà máa ń lọ síbẹ̀ nígbà tí ewé bá ń pọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni ọdún 71 tí orúnkún ń dùn la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbòǹgbò igi ló kún ọ̀nà tó lọ sí ibi òkúta yẹn, ó sì dàgẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀. Lílọ lè rọrùn, bíbọ̀ ló máa le. Ibú tí ẹ sì sọ yẹn, ènìyàn ti kú síbẹ̀. Kí Àdùkẹ́ fi McKeldin sílẹ̀ di ọjọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá dá lọ.

Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí (Sykesville)

Ẹ jàre mi. N kò ronú kan orúnkún Màmá. Àǹtí, Avalon ni kí ẹ lọ.

Nọ́ọ̀sì Towson

Ẹ̀yin ará, ẹ ti sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti afárá, kò sẹ́ni tó dárúkọ eégbọn. Ejò ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Maryland, n kò tíì tọ́jú ẹni tí ejò páàkì bù ṣán, ṣùgbọ́n àwọn tí eégbọn kó àrùn Lyme ràn, n kò lè kà wọ́n tán.

Eégbọn ibí yìí kò jọ èyí tí a mọ̀ lára ajá nílé, tó máa ń wú bí ẹ̀wà. Èyí tó ń kó Lyme ranni lè kéré bí ẹ̀yọ ìyèré kan, kódà ó lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni àwọn kéékèèké yìí máa ń pọ̀ jù. Kì í fò, kì í já bọ́ látorí igi. Orí koríko àti ewé ilẹ̀ ló máa ń dúró sí, tó ń na ọwọ́ rẹ̀ de ẹni tó bá fara kàn án. Nítorí náà, àárín ọ̀nà ni kí ẹ máa rìn. Kí Màmá wọ ṣòkòtò gígùn sábẹ́ ìró, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ lo ìpara tàbí oògùn fífín tí wọ́n kọ DEET sí lára fún ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Permethrin wà pẹ̀lú, ara aṣọ àti bàtà nìkan ni wọ́n ń fín ìyẹn sí, kì í ṣe ara ènìyàn.

Bí ẹ bá délé, ẹ bọ́ aṣọ kúrò lára kíá, kí ẹ kọ́kọ́ kó o sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, kó gbóná dáadáa fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò: ẹ̀yìn etí, abẹ́ abíyá, ìdodo, ẹ̀yìn orúnkún, inú irun. Bí ẹ bá rí eégbọn tó ti lẹ̀, ẹ má fi kẹrosíìnì kùn ún, ẹ má fi iná kàn án, ẹ má sì fi òróró pa á. Mo mọ̀ pé báyìí la ṣe ń ṣe é nílé, ṣùgbọ́n ìyẹn lè mú kó pọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ènìyàn. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń tu irun ojú, di í mú ní ibi tó sún mọ́ awọ ara jù, kí ẹ fà á sókè tààrà láìlọ́ ọ. Ó sábà máa ń tó wákàtí 24 lára kó tó lè kó àrùn náà ranni, nítorí náà ẹni tó bá yẹ ara rẹ̀ wò lálẹ́ ọjọ́ náà ti ṣe ohun tó pọ̀.

Àǹtí Àdùkẹ́, ohun kan wà tó kan Màmá yín gan-an. Àmì àrùn yìí lè fara hàn láti ọjọ́ 3 títí di ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí eégbọn bá ti jẹni: ara gbígbóná, orí fífọ́, oríkèé ríro, àti awọ tó pọ́n tó ń fẹ̀ sí i. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í hàn kedere, ó lè dà bí ibi tí ara ti dúdú sí i. Bí Màmá bá ti padà sí Abẹ́òkúta kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ibà ni gbogbo ènìyàn á pè é. Wọ́n á máa lo oògùn ibà, kò sì ní gbọ́. Nítorí náà, bí eégbọn bá jẹ wọ́n, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n mú ìwé náà dání padà sílé láti fi han dókítà wọn. Bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn apakòkòrò tí kò wọ́n ló ń wò ó sàn.

Bàbá Randallstown

Ọmọ mi Àdùkẹ́, o bèèrè ejò. Ó wà. Ọ̀dẹ ni bàbá mi, n kò ní tàn ọ́. Èyí tí o máa rí jù ni dúdú gígùn kan, ó máa ń gun igi, kò ní oró. Eku ló ń jẹ, ara aṣọ́gbà ló wà. Èyí tó ní oró tó wà ní àgbègbè yẹn ni copperhead. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé gbígbẹ, orí rẹ̀ pupa bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. Kì í lé ènìyàn. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tó fi ọwọ́ sábẹ́ òkúta láìwò ló ń bù ṣán. Sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé wọn ò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ ihò, wọn ò sì gbọdọ̀ jókòó sórí igi tó ti wó láìkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá rí ejò, kí wọ́n dúró, kí wọ́n fẹ̀yìn rìn. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ wá igi láti pa á o. Òfin kò gba kí a pa ẹranko nínú páàkì bẹ́ẹ̀.

Ewé kan wà tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ju ejò lọ. Ewé mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń wà lórí ẹ̀ka rẹ̀, tàárín gùn ní ọrùn ju méjì tó kù lọ. Ó máa ń fà lórí ilẹ̀, ó sì máa ń gun igi pẹ̀lú okùn onírun. Poison ivy ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe wèrèpè, ṣùgbọ́n ìyà tó ń fi jẹ ara kò kéré sí ti wèrèpè, ó tiẹ̀ pẹ́ jù ú lọ. Òróró tó wà lára rẹ̀ ló ń ṣe é. Ọmọ-ọmọ mi fà á já ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn nítorí ó fẹ́ fi ṣe adé, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìléròrò fi kún ojú àti apá rẹ̀. Bí ara bá kàn án, ọṣẹ àti omi lọ́gán. Fọ bàtà náà, fọ ajá náà bó bá bá yín lọ.

Ará Ellicott City

Ẹ bèèrè bóyá àwọn ọmọ lè wọ omi. Ìdáhùn mi kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn.

Etí omi, níbi tí kò ju kókósẹ̀ lọ, pẹ̀lú àgbàlagbà tó di ọwọ́ ọmọ mú: bẹ́ẹ̀ ni. Àárín odò: rárá. Inú odò yẹn máa ń tàn ènìyàn jẹ. Ó máa ń tàn yòò, ẹ ó rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rò pé kò jìn, ṣùgbọ́n òkúta náà ń yọ̀ bí ilá, ìgbésẹ̀ kan sì ni ibú fi jìnnà sí ibi tí ẹ dúró.

Mo ń gbé ní Ellicott City, ìlú tó wà lókè odò sí Avalon. Mo rí àkúnya omi ti ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2016, mo tún rí ti ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ọkọ̀ ń léfòó lójú títì Main Street bí igbá. Ènìyàn kú nínú méjèèjì. Odò kéékèèké tó gba àárín ìlú wa ló kún, inú Patapsco ni gbogbo wọn sì ń dà sí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé oòrùn lè máa ràn ní Avalon, kí òjò ti rọ̀ lókè, kí omi sì dé bá yín láìròtẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí omi tó mọ́ di pupa bí omi amọ̀, tí igi àti ewé ń léfòó bọ̀, ẹ kó ọmọ yín gòkè. Ẹ má dúró ya fọ́tò. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wo ojú ọjọ́ ti Ellicott City, kì í ṣe ti Laurel nìkan. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń wọn odò, USGS, ní ẹ̀rọ nínú Patapsco ní Hollofield àti nítòsí Elkridge, ẹ lè rí gíga omi lórí fóònù yín ní wákàtí yẹn gan-an.

Ní ọjọ́ àtijọ́, dáàmù kan wà lókè Orange Grove, Bloede Dam. Ọdún 1907 ni wọ́n parí rẹ̀ láti fi pèsè iná mànàmáná. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Maryland, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń lọ lúwẹ̀ẹ́, omi tó ń yí po lábẹ́ dáàmù náà sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ dànù, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2019. Ní báyìí odò ń ṣàn lọ tààrà, àwọn ẹja tó máa ń ti inú òkun wá yé ẹyin sì ti ní ọ̀nà láti gòkè. Bí Màmá bá lè rìn dé ibẹ̀ lórí Grist Mill Trail, ẹ fi hàn wọ́n. Inú mi máa ń dùn nígbàkigbà tí mo bá kọjá níbẹ̀.

Tísà Ìtàn (Baltimore)

Ẹ dákun, ẹ má kàn rìn kọjá. Àwọn ilé iṣẹ́ ló kún etí odò yẹn nígbà kan, páàkì ló wá gba ipò wọn. Ní Orange Grove, níbi tí afárá yẹn wà, ilé ìlọ àlìkámà ńlá kan ló wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń gba irú afárá bẹ́ẹ̀ sọdá odò lọ síbi iṣẹ́. Iná jó o ní ọdún 1905. Ní Avalon, ilé iṣẹ́ irin àti ìṣó ló wà, àkúnya omi ọdún 1868 ló gbá a lọ. Bí ẹ bá ń rìn, ẹ ó máa rí ògiri òkúta nínú igbó láìsí òrùlé, igi ti hù nínú yàrá wọn.

Kí ẹ tó wọ géètì Avalon, ẹ wo Thomas Viaduct. Afárá rélùwéè ni, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó ní ihò ńlá mẹ́jọ tí orí wọn tẹ̀ bìrìkìtì, ó sì tẹ̀ kọrọdọ bíi ọrun. Ọdún 1835 ni wọ́n parí rẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kò ní dúró. Àkúnya 1868 kò gbé e, ìjì Agnes ti 1972 tó ba páàkì náà jẹ́ gidi kò gbé e, ọkọ̀ rélùwéè ṣì ń gba orí rẹ̀ kọjá lónìí.

Bí ó bá sì ku àyè lọ́jọ́ mìíràn, ẹ mú Màmá lọ sí Oella, ẹ̀gbẹ́ Ellicott City, sí páàkì àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Benjamin Banneker. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú ni, wọ́n bí i ní 1731, oko tí bàbá rẹ̀ rà létí àfonífojì yẹn ló ti gbé títí ó fi kú ní 1806. Ara rẹ̀ ló fi kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀, ó fi igi gbẹ́ aago tó ń ṣiṣẹ́, ó wà lára àwọn tó wọn ilẹ̀ Washington ní 1791. Ọdún yẹn náà ló kọ lẹ́tà sí Thomas Jefferson, ẹni tó kọ Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà, tó bi í léèrè bó ṣe lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ènìyàn dọ́gba kó sì máa kó ènìyàn lẹ́rú. Ọmọ ọdún 9 tó wà lọ́wọ́ yín ti tó gbọ́ ìtàn yẹn. Mo máa ń mú àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀, àwọn ọmọ wa sì máa ń béèrè pé èé ṣe tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn tẹ́lẹ̀.

Àdùkẹ́ Ẹ̀gbá (Laurel, Maryland)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ fún Ọjọ́bọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún ọkọ mi, ó ní, "Mo sọ fún ẹ!" Mo wá ka ti Thomas Viaduct fún un. Ẹnjiníà ni, ó ti gbàgbé eégbọn. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ṣé fóònù máa ń gbé níbẹ̀? Irú bàtà wo ni kí Màmá wọ̀? Sálúbàtà ni wọ́n fẹ́ràn.

Ìyá Ìbejì (Columbia)

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní Avalon, ẹ yà síbẹ̀ kí ẹ tó gòkè. Ẹ mú pépà tiyín dání. Sálúbàtà rárá o! Kánfáàsì tó ní ìdè, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀.

Arìnrìn Catonsville

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ nínú àfonífojì yẹn. Ẹ fi máàpù páàkì pamọ́ sórí fóònù láti ilé. Ọ̀dà tí wọ́n kùn sára igi ló ń fọ̀nà hàn lórí àwọn ọ̀nà tí kì í ṣe títì, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì méjì lórí ara wọn, ọ̀nà fẹ́ yà nìyẹn. Bí ẹ bá ti rìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìrí àwọ̀ yín mọ́, ẹ padà síbi àmì tí ẹ rí gbẹ̀yìn.

Ẹ ra ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún Màmá. Kí ó ga dé ibi tí ìgbọ̀nwọ́ wọn á fi tẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá dì í mú. Ti Cascade Falls, tó wà ní ìhà ibi ìgbọ́kọ̀sí, omi kékeré tó ń dà láti orí àpáta ni, kò jìnnà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn òkúta wà lójú ọ̀nà. Kí ọkọ yín mú àwọn ọmọ lọ, kí ẹ̀yin àti Màmá dúró létí odò. Ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n má retí Olúmirìn Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Àdùkẹ́ Ẹ̀gbá (Laurel, Maryland)

A ti lọ, a ti bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

A dé géètì ní aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 10 ní Ọjọ́bọ̀. Ọkọ̀ mẹ́rin péré ló wà ní Orange Grove. Ọkọ mi ti dúró wo Thomas Viaduct fún ìdajì wákàtí, ó ń ka òkúta. Màmá kọ́kọ́ kọ̀ láti gun afárá tó ń mì yẹn. Wọ́n dúró ní ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n wo òkè. Ọmọ mi kékeré ló di ọwọ́ wọn mú, ó ní, "Màmá àgbà, mo wà níbí." Wọ́n sọdá, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tí wọ́n dé òdìkejì, wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sọdá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lórí Grist Mill Trail, wọ́n rìn ju èmi gan-an lọ. Gbogbo igi ni wọ́n ń bèèrè orúkọ rẹ̀, èmi kò mọ ìkankan. A rí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn kan aláwọ̀ eérú tó dúró lórí òkúta láàárín odò, kò mira títí tó fi mú ẹja. A rí àgbọ̀nrín méjì. Rélùwéè ẹlẹ́rù gígùn kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn ọmọ ka kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé 83. A kò dé ibi tí dáàmù yẹn wà tẹ́lẹ̀, orúnkún ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, a sì yí padà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ.

Nígbà tí a padà dé ẹsẹ̀ afárá, Màmá sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi, níbi tó tẹ́jú, wọ́n bu omi sọ́wọ́, wọ́n fi bọ́jú. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní omi yìí tutù ju Odò Ògùn lọ, ṣùgbọ́n ohùn wọn jọra. Mo gbé ojú mi kúrò, torí omijé ti dé.

Lálẹ́, mo rí eégbọn kan ní ẹ̀yìn orúnkún ọmọ mi àgbà, kò tíì pẹ́ lára. Mo fi ẹ̀mú yọ ọ́ bí Nọ́ọ̀sì Towson ṣe kọ́ wa, mo kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà. Ara Màmá mọ́. A yẹ ti ọkọ mi náà wò, àmọ́ ó ti kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò ní ìgbà mẹ́ta.

Wọ́n fẹ́ padà lọ. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago 9, Orange Grove. Ẹ̀yin tó bá ní ìyá nílé, ẹ mú wọn wá. Màmá ní àwọn á din àkàrà.

Ìyá Ìbejì (Columbia)

Èmi àti ìyá ọkọ mi ń bọ̀. Mo ti ra kánfáàsì fún wọn lónìí. Àpò ìdalẹ̀nù ńkọ́, ṣé kí n mú tiyín náà dání?